Ohùn Àsánì ní Ojú Kejì Àwo

Sátidé, 8 Júùnù 1996

Obìnrin òyìnbó kan pè mí láti London sí Amẹ́ríkà níbí láàárọ̀ yìí. Evelyn lorúkọ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ ta nǹkan fún mi ni, mo ti fẹ́ gbé fóònù kalẹ̀ kó tó bi mí bóyá èmi ni Ùsáínì tó ta gìtá nínú ẹgbẹ́ Igun Mẹ́rin. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ yẹn sí mi létí.

Ó ní Kútọnu ni òun ti rí àwo wa, nínú òkìtì àwo tí àwọn ọmọ olóògbé kan fẹ́ dà nù. Ẹyọ kan péré. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó máa ń wá àwo tí ayé ti gbàgbé, á sì tún un tẹ̀ jáde. Ó ní òun ti gbọ́ tiwa ju ogójì ìgbà lọ. Ó fẹ́ tún un tẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo àwa tó kù láyé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Mùsílíù tó tẹ dùrù ti fọwọ́ sí i ní London níbẹ̀, òun náà ló fún un ní nọ́ńbà mi. Bámidélé tó ta béèsì ti kú láti '89. Ó ku èmi àti Àsánì.

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ mọ ibi tí ìkejì yín wà?"

Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa. Ṣàgámù ló wà, ní ilé ìyá wa.

AC mẹ́ta ni mo tún ṣe lónìí, gbogbo wọn ní Sugar Land. Orí àjà ilé kejì gbóná débi pé irin iṣẹ́ jó mi lọ́wọ́.

Sọ́ńdè, 9 Júùnù

Mi ò sọ fún Morónkẹ́.

Àlàrùbá, 12 Júùnù

Evelyn tún pè nígbà tí mo wà lórí òrùlé ọ́fíìsì kan nítòsí ọjà ńlá Galleria. Morónkẹ́ ló gbé fóònù. Nígbà tí mo wọlé, oúnjẹ wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ojú ìyàwó mi le.

"Daddy Nusaiba, ta ni Evelyn?"

"Obìnrin kan tó ń tẹ àwo orin ni."

"Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ orin náà. Ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà nílé yín, ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ ṣe àwo."

Ó mọ̀ pé mo bá Fádípẹ̀, gbajúmọ̀ olórin nì, ṣeré, nítorí fọ́tò Fádípẹ̀ wà lára ògiri ilé ìgẹrun tí mo ń lọ ní Alief, àdúgbò wa, ọjọ́ kan ni mo sì ṣèèṣì sọ pé ọ̀gá mi nìyẹn. Ó mọ̀ pé mo ní ìkejì tí mi ò bá sọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tó so méjèèjì pọ̀. Mo wá jókòó, mo sọ ọ́ fún un.

Ìbàdàn ni, lọ́dún '77. Àsánì ń lu ìlù jáàsì lẹ́yìn Ọ̀gá. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kọjá ti ènìyàn. Àwọn èrò yíjú kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá, òun ni wọ́n ń wò, òun ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá rìn lọ bá a níbi ìlù, ó gbá a létí níṣojú gbogbo wọn. Àsánì kò dáwọ́ dúró. Ó ń sunkún, ó ń lù ú lọ. Èmi ni mo já okùn gìtá mi tí mo bọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwa mẹ́rin ti kúrò lọ́dọ̀ Fádípẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré la fi ṣe àwo náà.

Àwo náà kò tíì pé oṣù méjì lórí àtẹ nígbà tí Àsánì padà sọ́dọ̀ Fádípẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Kò sọ fún mi, orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo délé ìyá wa, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gìtá pupa mi kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gbé e dání lọ fi tọrọ àforíjì. Ẹni tí mo torí ìgbátí rẹ̀ ba ayé ara mi jẹ́. Ní Jánúárì tí mo ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó tẹ̀ lé mi dé pápákọ̀ òfurufú. Mi ò wo ojú rẹ̀.

Morónkẹ́ kó abọ́ oúnjẹ kúrò lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sì bínú fún ọdún mọ́kàndínlógún."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sọ́ńdè, 16 Júùnù

Mùsílíù pè. A fi wákàtí kan rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní òyìnbó ń fi orin wa jó ní ilé ijó London báyìí, pé ẹni tó bá ní àwo náà kì í yá ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, ó ní, "Ùsáínì, báwo ni ara Àsánì?"

Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ó ní, "Wọn ò sọ fún ẹ? Rọpárọsẹ̀ kọ lù ú ní Épírì. Apá ọ̀tún ti kú. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ mọ́."

Mi ò rántí bí mo ṣe gbé fóònù kalẹ̀.

Mọ́ńdè, 17 Júùnù

Kò sí fóònù nílé ìyá wa. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló ní, Mùsílíù fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Wọ́n lọ pe Muslimat, ìyàwó rẹ̀. Ọmọge aránṣọ ni nígbà tí mo ń lọ, òun ló rán kóòtù tí àwa mẹ́rin wọ̀ ya fọ́tò fún páálí àwo. Ohùn rẹ̀ ti di ohùn ìyàálé ilé.

"Bùọ̀dá Ùsáínì."

Mo ní, "Muslimat, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa pè." Kò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú. Ó ní wọ́n ń gbé Àsánì jókòó láàárọ̀, ó ń mu ẹ̀kọ, ojú rẹ̀ ń tẹ̀ lé ènìyàn. Ó ní, "Ẹ wá. Bí ẹ bá lè wá, ẹ tètè wá."

Àlàmísì, 20 Júùnù

Èmi àti Morónkẹ́ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Morónkẹ́ ti di ọmọ ilẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, ó sì ti kọ̀wé béèrè ìwé ìgbélùú fún mi, ṣùgbọ́n ìwé náà kò tíì jáde. Lọ́yà ní tí mo bá fi ẹsẹ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà báyìí láìgba ìwé àṣẹ ìrìnàjò, mi ò ní lè wọlé mọ́. Ó ní ìwé àṣẹ náà lè gba oṣù méjì sí mẹ́ta. Tí dókítà Ṣàgámù bá kọ lẹ́tà, ó lè yá díẹ̀.

Lọ́dún '86 tí wọ́n ní kí gbogbo àwa tí a kò níwèé jáde wá gbà á, mo rò pé pańpẹ́ ni. Morónkẹ́ lọ, èmi jókòó sílé. Ìwà òmùgọ̀ ni mo hù.

Òjò ńlá rọ̀ bí a ṣe ń bọ̀, gbogbo freeway dúró. Morónkẹ́ wa mọ́tò, mo wo fèrèsé.

Àlàmísì, 27 Júùnù

Lẹ́tà dókítà ti dé láti Ṣàgámù, arìnrìnàjò kan ló bá wa mú un bọ̀, a ti fi gbogbo ìwé ránṣẹ́. Lónìí náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé láti ọ̀dọ̀ Evelyn. Ó ti ká àwo náà sórí rẹ̀ fún mi. Mo fi sínú àpótí ìbọ̀sẹ̀ mi.

Iṣu ti di dọ́là méjì lórí ìwọ̀n kan ní òpópónà Bissonnet, kò sì dára nínú.

Sọ́ńdè, 30 Júùnù

Nusaiba ọmọ mi ti gbọ́ ọ kí n tó gbọ́ ọ. Aṣọ ló ń kó síbi àpótí, ó rí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fi sínú ẹ̀rọ kékeré tó máa ń fi sétí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, Yorùbá rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ àti ti ìkíni lọ. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ mọ́tò iṣẹ́, ó yọ ọ̀kan nínú ohun etí náà fún mi.

"Daddy, ẹni tó ń sing yìí, he sounds like you. Ṣùgbọ́n he's happy."

Mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọ̀ṣẹ wà lọ́wọ́ mi.

Àtàlátà, 2 Júláì

Ọgọ́rùn-ún lé kan ni ooru lónìí lórí ìwọ̀n tiwọn níbí. Mo ti parí iṣẹ́ lórí òrùlé mall nígbà ọ̀sán. Mo jókòó sínú mọ́tò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, mo tan AC, mo kí kásẹ́ẹ̀tì náà bọ ẹnu rédíò.

Ojú kìn-ín-ní, mo gbọ́ ọ tán. Mo rò pé yóò dún bí ohun àtijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bámidélé ń fa béèsì bí ẹni fa ẹja ńlá jáde nínú omi. Dùrù Mùsílíù ń gbó. Gìtá mi wà níbẹ̀, ó mú, ó gbẹ, kò sí ìtìjú lára rẹ̀. Mi ò mọ ọmọkùnrin yẹn mọ́. Nísàlẹ̀ gbogbo wa ni ìlù Àsánì wà, kò sáré, kò falẹ̀, bí ẹni pé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń mí.

Ní ojú kejì, òun ló kọrin. "Mo Ti Síwájú" ni orin náà. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, nítorí Táyé ni, Kẹ́hìndé ni mí, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé èmi ni mo rán an ṣáájú láti lọ tọ́ ayé wò. Ó bẹ̀rẹ̀ báyìí:

*Kẹ́hìndé, má bẹ̀rù, mo ti síwájú,*
*Mo ti gba ẹ̀gún ojú ọ̀nà kúrò.*

Mo pa á. Mo jókòó síbẹ̀ títí obìnrin kan fi kan gíláàsì mọ́tò, ó bi mí bóyá ara mi yá.

Àlàmísì, 4 Júláì

Ìsinmi. Gbogbo àdúgbò ń sun ẹran. Nusaiba ti mọ orin ojú kejì látòkèdélẹ̀. Ó ń pe ẹ̀gún bí ọ̀rọ̀ òyìnbó ilé ìwé rẹ̀, kò yé e, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ bá orin náà mu. Morónkẹ́ ní kó lọ kọ ọ́ nínú yàrá. Mo ní kó jẹ́ kó kọ ọ́.

Sátidé, 13 Júláì

Evelyn ń bẹ̀bẹ̀ fún ìfọwọ́sí Àsánì. Mo pe Muslimat, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìyanu ni. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àwo náà fún un. Mo ní Àsánì lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣé ẹ ṣì ń bínú sí i?"

Mo ní, "Muslimat, mi ò mọ̀. Mo kàn fẹ́ mọ ìdí tó fi padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀, ní báyìí kò lè sọ ọ́ mọ́."

Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí olóògùn bá òun ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ó fi Kùránì búra pé òun ò ní sọ fún yín. Èmi ò búra. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Gìtá pupa yẹn, gìtá ta ni?"



Gìtá Fádípẹ̀ ni. Jámánì ló ti rà á bọ̀. Ọjọ́ tí a kúrò ni mo gbé e, mo fi aṣọ wé e, mo ní owó ìgbátí àbúrò mi nìyẹn. Òun ni mo fi ta gbogbo orin inú àwo wa. Mo ti pè é ní gìtá mi pẹ́ débi pé mo ti gbàgbọ́.

Muslimat ní, "Ẹ wà l'Ékòó, ẹ ń sá kiri nítorí fisa, nígbà tí ọlọ́pàá wá sílé Màámi. Fádípẹ̀ ti fẹjọ́ sùn, ó sì mọ àwọn ṣọ́jà ńlá. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ẹ ò sì ní rí ìwé ìrìnnà gbà láéláé. Àsánì ló gbé gìtá náà lórí, ó lọ bá Fádípẹ̀. Fádípẹ̀ ní òun á fagi lé ẹjọ́ náà tí Àsánì bá padà wá lu ìlù fún òun fún ọdún mẹ́wàá, tí kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Ó ní kó jẹ́ kí ẹ̀yin kórìíra rẹ̀, ìyẹn ni ìjìyà rẹ̀."

Mo ní, "Ọdún mẹ́wàá."

"Ọdún mẹ́wàá. Kò sì jẹ́ kó dá ìlù lù lójú agbo mọ́ láyé."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lẹ́yìn tí Fádípẹ̀ kú. Ó ní òun náà bi í. Àsánì dáhùn pé Kùránì kò kú.

Sọ́ńdè, 14 Júláì

Mo ti sọ fún Morónkẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú títí oúnjẹ fi tutù.

Àtàlátà, 16 Júláì

Mi ò lè ṣiṣẹ́. Mo da waya rú nílé opó arúgbó kan ní Sugar Land, mo ní láti tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbé omi yìnyín wá fún mi lórí àjà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní ṣé ẹnìkan kú ni. Mo ní rárá, ẹnìkan wà láàyè.

Jímọ̀, 19 Júláì

Lọ́yà ní kò sí ìròyìn. Mo sọ fún Morónkẹ́ pé mo fẹ́ máa lọ láìgbàwé. Ó wo Nusaiba, ó wo mí.

"Tí ẹ bá lọ, tí wọn ò jẹ́ kí ẹ wọlé mọ́ ńkọ́? Ọmọ yìí á wá máa gbọ́ ohùn tiyín náà nínú kásẹ́ẹ̀tì?"

Mi ò lọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa parọ́ fún ara mi lọ́jọ́ iwájú. Mo lè lọ, mi ò lọ.

Àlàrùbá, 24 Júláì

Mo ra káàdì ìpè. Mo bá Muslimat ṣètò rẹ̀ pé kí wọ́n gbé Àsánì lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán tiwọn. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni níbí. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló fi àga gbé e.

Muslimat ní, "Mo ti gbé fóònù sí i létí."

Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń hán. Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá, mo kọ ọ́ sórí ìwé, ìwé náà wà níwájú mi. Ohun tí mo lè sọ kò ju, "Àsánì, fetí sí èyí." Mo gbé fóònù sí ẹnu rédíò, mo tan ojú kejì. Mo ní kó kọ́kọ́ gbọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni n ó tọrọ àforíjì.

Nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo gbé fóònù padà sí etí mi. Mo gbọ́ nǹkan kan tí ń kan pákó. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ọ̀nà fóònù ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni, lára àga. Ó ń tẹ̀ lé ìlù ara rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Níbi tí ìlù náà ti máa ń dákẹ́ ká tó wọlé padà, ó dákẹ́ pẹ̀lú, ó sì wọlé padà lásìkò.

Mo jẹ́ kí orin náà parí. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni. Mo ní, "Àsánì, Muslimat ti sọ fún mi. Ọ̀rọ̀ gìtá yẹn, èmi ni mo—"

Káàdì náà tán.

Mo sáré lọ ra òmíràn ní ilé epo. Nígbà tí mo dé, ojú ọ̀nà kò wọlé mọ́.

Jímọ̀, 26 Júláì

Ṣàgámù kò wọlé.

Sọ́ńdè, 28 Júláì

Kò wọlé. Mùsílíù ní ìjì da òpó fóònù wó ní àdúgbò yẹn. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ojú ìwé mẹ́fà. Àpò ìwé náà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àlàrùbá, 31 Júláì

Kò wọlé. Àwọn ọmọ wa na Brazil ní bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì, Alief kò gbà wá mọ́. Mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú fóònù lórí itan.

Sátidé, 3 Ọ́gọ́ọ̀sì

Wúrà. A na Argentina. Nusaiba kó mi jáde. Gbogbo ojú Bissonnet kún fún mọ́tò, fèrè ń dún, àsíá aláwọ̀ ewé ń fẹ́. Ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí gbá mi mọ́ra. Mo jó. Mo gbà pé mo jó. Mo sọ fún Nusaiba pé a ó pe Bùọ̀dá Àsánì lọ́la láti kí i kú oríire, bóyá wọ́n ti tún òpó náà ṣe.

Sọ́ńdè, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Muslimat pè. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde kó tó rí fóònù.

Àsánì kú lánàá lẹ́yìn Àlàásárì. Wọ́n sin ín kí Mògàríbì tó wọlé. Mo ṣírò wákàtí náà. Nígbà tí mo ń jó lójú títì, erùpẹ̀ ti bò ó.

Mo ní, "Ṣé ó gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn? Kí káàdì tó tán, ṣé ó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ?"

Ó ní, "Bùọ̀dá, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Nígbà tí orin tán, ó gbà pé ọ̀rọ̀ náà ti tán. Ó ti yọ etí kúrò lára fóònù."

Mọ́ńdè, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Kò sí ohun tí mo lè kọ.

Jímọ̀, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àlùfáà kírun sí i lára láìsí òkú níwájú wa. Wọ́n ní kí n dárúkọ olóògbé. Mo ní Ùsáínì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fọwọ́ kàn mí, mo wá ní Àsánì.

Àwọn ará mọ́sálásí wá kí mi nílé. Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ẹnìkan ní Ọlọ́run mọ ìdí tí Ó fi mú un lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi náà mọ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Àtàlátà, 13 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìwé àṣẹ ìrìnàjò dé nínú lẹ́tà òwúrọ̀. Fọ́tò mi wà lára rẹ̀. Morónkẹ́ fi pamọ́ kí n má bàa rí i, mo ti rí i.

Sátidé, 17 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo sọ fún Mùsílíù pé kí wọ́n má tẹ àwo náà mọ́. Mo ní gìtá olè ni mo fi ta á, àbúrò mi sì ti san gbèsè rẹ̀ tán.

Mùsílíù kò jiyàn. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tìrẹ nìkan. Lọ bi Muslimat."

Wọ́n ti tún òpó náà ṣe. Ó wọlé ní ìgbà kejì. Muslimat gbọ́ mi tán, ó ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí fún un. Àbíkẹ́yìn kò tíì gbọ́n dáadáa nígbà tí ohùn bàbá rẹ̀ lọ, ó ti ń gbàgbé bó ṣe ń dún. Lọ́jọ́ kejì tí ẹ pè ni Àsánì tẹ àtàǹpàkò sí ìwé tí òyìnbó yẹn fi ránṣẹ́, ó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ fọwọ́ sí tiyín."

Mo fọwọ́ sí i. Nusaiba bá mi gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Nínú mọ́tò ló bi mí pé kí ni ẹ̀gún. Mo sọ fún un. Ó ní, "So he took out the thorns, fún yín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Sátidé, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Àdúrà ogójì ọjọ́ bọ́ sí Sẹ̀tẹ́ńbà, n ó wà níbẹ̀.

Evelyn fi ẹ̀dà fọ́tò ẹ̀yìn páálí ránṣẹ́, ó ní kí n kọ orúkọ sábẹ́ olúkúlùkù. Mùsílíù wà lápá kan, Bámidélé wà lápá kejì, kò ṣòro. Àwa méjì la wà láàárín. Kóòtù kan náà, irun kan náà, kò sí ohun èlò orin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fọ́tò náà ti ṣú, ó ti ṣá. Mo wò ó títí ojú fi ń ro mí. Mi ò mọ èwo ni èmi.

Ó tì mí lójú, ṣùgbọ́n mo pe Muslimat. Mo ní, "Ìwọ lo rán kóòtù yẹn. Ṣé àmì kan wà lára tirẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí àmì. Ọ̀kan náà ni mo rán." Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo dúró lẹ́yìn ẹni tó ya fọ́tò yẹn, Bùọ̀dá. Ó pariwo títí pé kí Àsánì wo iwájú, kò wo iwájú. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ń wo ẹnìkejì rẹ̀ ni Àsánì."

Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé. Ọ̀kan nínú wọn gbé àgbọ̀n sókè, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà, ayé kò ní nǹkan tó jù ú lọ. Èkejì yíjú díẹ̀ sápá òsì, kì í ṣe kámẹ́rà ló ń wò.

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sábẹ́ wọn láti òsì sí ọ̀tún: Bámidélé, Ùsáínì, Àsánì, Mùsílíù.